Àwọn Tó Jó ní Kakadu Kò Fẹ́ Ká Sọ Ọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi aṣòfófó pè mí. Ọ̀rọ̀ tó bá ti lo bí ọgọ́ta ọdún nínú ikùn àgbà, tí àgbà náà wá jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń yínmú sí ọmọdé tó wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ ọn lára, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti tó sọ. Àbí ẹ fẹ́ kó bá wọn wọ sàréè ni?

Ilé ijó kan wà ní Alágomẹjì, ní Yábà, nílùú Èkó, láàárín ọdún 1960 sí 1970. Kakadu lorúkọ rẹ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀ létí ẹni tó gbọ́njú ní Èkó nígbà náà, kẹ́ ẹ wá wo ojú onítọ̀hún. Bó bá ṣe ọkùnrin ni, á kọ́kọ́ wúkọ́. Bó bá ṣe obìnrin ni, á tún gèlè ṣe, á ní orúkọ lásán lòun gbọ́, òun ò dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ rí. Hẹ̀n-ẹ́n! Màmá wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ igun tí iná kì í tàn dé níbẹ̀!

Kakadu nìkan kọ́ o. Bobby Benson ní Caban Bamboo tirẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Empire Hotel wà ní Ìdí-Òro. Abalabi wà ní Múṣin. Ambassador àti Central wà ní Yábà níbẹ̀. Yábà yìí kan náà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jìngbìnnì, bílẹ̀ bá ti ṣú lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó bá fẹ́ sùn kó lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní Àgége. Fèrè á máa ké, ìlù á máa dún, títí àkùkọ fi máa kọ. Ta ni ẹ sì rò pé ó wà nínú ilé ọ̀hún? Ìpáǹle? Rárá o. Ìpáǹle kò rówó san lẹ́nu géètì. Àwọn alákọ̀wé ni, àwọn akọ̀wé ìjọba tó wọ kóòtù tó so táì, àwọn ọmọ yunifásítì tó gba ìsinmi, àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn sísí tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì. Àwọn tí bàbá wọn ta oko kí wọ́n tó kàwé ni wọ́n ń na owó oṣù sórí bíà Star àti orin.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Bobby Benson, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ ọ. Ọmọ Ìkòròdú ni, ọmọ ilé ọlá, wọ́n bí i ní 1922. Wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀, kò jókòó tì í. Ó kan ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀, ó fi sílẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di atukọ̀, ó bọ́ sílẹ̀ ní London ní 1944, ló bá di eléré orí ìtàgé láàárín àwọn Òyìnbó. Nígbà tó máa padà délé ní 1947, ìwé ẹ̀rí lọ́yà kọ́ ló kó bọ̀ bíi tàwọn ọmọ ilé ọlá yòókù. Ijó àti orin ló kó bọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ Cassandra, ọmọ tí Scotland àti erékùṣù Káríbíà jọ bí. Tọkọtaya náà dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀. Tọkọtaya, ẹ gbọ́ mi o! Ní Èkó tí ìyàwó ilé tó níyì ń dé fìlà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó sì ń rọra rẹ́rìn-ín kí eyín má baà hàn jù, ọkùnrin kan fọwọ́ ara rẹ̀ fa aya rẹ̀ gun orí ìtàgé, àwọn ọkọ ọlọ́kọ sì ń sanwó wọlé wá wò wọ́n. Àwọn ìyá ìjọ ìgbà náà ní àwọn ò rí irú ijó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ohun tó ń ya èmi lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe mọ ijó ọ̀hún dunjú tó.

Nígbà tó yá, Bobby ti kúrò lẹ́ni tó ń wá ibi tó ti máa ṣeré kiri. Ó ti ní ilé ijó tirẹ̀, Caban Bamboo yẹn. Níbẹ̀ ló ti ń kọrin, tó ń pidán, tó ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, orin rẹ̀ Taxi Driver sì gba gbogbo ìgboro kan. Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, T.O.S. Benson, ni mínísítà ìròyìn nínú ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn òmìnira. Ẹ̀gbọ́n ń ṣe mínísítà ọ̀sán, àbúrò ń ṣe mínísítà òru, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti jáde. Èmi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí kò dáa o. Mo kàn ń wò ó ni. Ilé ọlọ́lá kan ṣoṣo, ó ń pèsè òfin, ó tún ń pèsè ohun tí àwọn olófin máa ṣe lálẹ́.

Ní 1961, Cyprian Ekwensi gbé ìwé ìtàn kan jáde, Jagua Nana. Ìtàn obìnrin arẹwà kan tí ọjọ́ orí ti ń dé bá ni, tó sì ń lo òru rẹ̀ ní ilé ijó Èkó kan tí òǹkọ̀wé náà pè ní Tropicana, láàárín orin háíláìfù, òṣèlú àti àwọn ọkùnrin olówó. Àwọn ará Ítálì gbọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe fíìmù. Ìjọba ní kò jọ ọ́. Wọ́n ní á ba orílẹ̀-èdè lórúkọ jẹ́. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n yẹn? Ilé ijó wà níbẹ̀, géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu, obìnrin bíi Jagua jókòó síbẹ̀ lálaalẹ́, bíà ń ṣàn, ẹnikẹ́ni kò tì í pa. Fíìmù ni wọ́n tì pa! Kí Òyìnbó má baà rí i. Àwa tá a rí i, àwa kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Àwọn eléré wọ̀nyí kì í sì í ṣe ẹni tí ẹ lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀ ní 1960, gbọ́yìí-sọ̀yìí dé pé wọ́n fẹ́ lọ gbé ẹgbẹ́ Edmundo Ros wá láti London wá lùlù fún wa lọ́jọ́ òmìnira wa. Òmìnira kúrò lọ́wọ́ Òyìnbó, kí eléré láti ìlú Òyìnbó wá bá wa jó o! Àwọn olórin Èkó fárí gá. Wọ́n ti ní ẹgbẹ́, Bobby Benson náà sì ni ààrẹ wọn. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n wọ́ lọ bá Tafawa Balewa tó jẹ́ olórí ìjọba. Nígbà tí ọjọ́ pé, Victor Ọláìyá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbi ijó tí ìjọba fi gbàlejò, lọ́dún tí Ọmọba Alexandra wá ṣojú fún ọbabìnrin ìlú Ọba. Inú mi dùn sí ìyẹn, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn tí gómìnà àti mínísítà ti jó o ní gbangba, ta ló tún lè bá akọ̀wé kékeré wí pé ó lọ jó o ní Yábà? Ọ̀nà ti là.

Ọláìyá yìí fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí Kàlàbá ni. Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà ti gbà á wọlé. Howard o! Òbí rẹ̀ ń retí oyè gíga, ó ní fèrè lòun fẹ́ máa fun. Inú wọn kò dùn sí i, ta ni inú rẹ̀ máa dùn? Ó dá Cool Cats sílẹ̀ ní 1954, ó sọ ọ́ di All Stars nígbà tó yá. Wọ́n wá ń kì í ní ‘Evil Genius’ nídìí háíláìfù, ó sì gbà! Ọmọ tí bàbá fún lórúkọ tó ń pe ọlá, ó jẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọlọ́gbọ́n burúkú, ó tún ń fi ṣe fáàrí.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí ìtàgé. Aṣọ ìnujú funfun kì í jìnnà sí fèrè Ọláìyá, funfun bí aṣọ alùfáà, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àwọn tó yí i ká wọ kóòtù kan náà, bótáì kan náà, wọ́n tò bí ọmọ kọ́yà. Afunfèrè á fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí iṣan ọrùn rẹ̀ á fi le, òógùn á máa já bọ́ sórí kọ́là. Bó bá dé ibi tí akọrin ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, á dorí fèrè kọdọ̀, á tẹ kiní kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, á da itọ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Àwọn sísí tó wà níwájú á pàtẹ́wọ́! Itọ́ o! Ọmọ tó jẹ́ pé nílé, bí àbúrò rẹ̀ bá fọwọ́ kan kọ́ọ̀bù rẹ̀, á ní kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Roy Chicago ni mo tún fẹ́ bi léèrè ọ̀rọ̀. John Akíntọ́lá Adémúwàgún lorúkọ tí ilé fún un, ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó. Kí ló ṣe orúkọ yẹn? Akíntọ́lá kò tó ó jẹ́, Chicago ló yàn. Ó ń fun sasofóònù, ó sì mú ìlù tó ń fọhùn, ìlù tí à ń fi í ki ọba, ó gbé e sáàárín àwọn fèrè Òyìnbó nínú ilé ọtí. Àwọn àgbà ní àbùkù ni. Síbẹ̀, bí ìlù náà bá ti pe orúkọ bàbá wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á ti dìde lórí àga. Orin rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù láti fi dá wọn lẹ́bi ni Ìyàwó Pánkéèkì, tó ń fi obìnrin tó kun ojú bí ẹni tẹ́ ògiri ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbọ́, àwọn obìnrin tó kun pánkéèkì yẹn gan-an ló ń sáré bọ́ sójú agbo bí orin náà bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń bú wọn, wọ́n ń jó o. Bí òógùn bá wá dé, pánkéèkì á máa yọ́ wá sí ọrùn aṣọ, ọkùnrin tó bá dì mọ́ wọn á gbé díẹ̀ lọ sílé ní èjìká kóòtù. Ẹ̀rí rèé o, ìyàwó ilé ló ń fọ kóòtù.

Chris Ajilo náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ Cubanos, òun ló kọ Èkó Ò Gba Gbẹ̀rẹ́. Ó bá orúkọ orin mu, nítorí ẹni tó bá ṣe gbẹ̀rẹ́ nílé ijó wọ̀nyí, wọ́n á gba sísí lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mu ọtí rẹ̀ dé ìdí ife.

Ọ̀rọ̀ ijó ló wà lọ́kàn mi jù. Háíláìfù tiẹ̀ ṣì ní ìtìjú díẹ̀, ẹ lè jó o tọkùnrin tobìnrin kí àyè wà láàárín yín. Àmọ́ bí òru bá ti jìn, wọ́n á gbé bọ̀lérò sílẹ̀, orin jẹ́jẹ́, ẹnì kan á rẹ iná sílẹ̀, mi ò mọ ẹni tó rán an níṣẹ́. Ijó tí ẹsẹ̀ kì í kúrò lójú kan, ijó wo nìyẹn? Ẹ pè é ní orúkọ tó ń jẹ́! Lẹ́yìn náà ni tuwísìtì dé láti ọ̀dọ̀ Chubby Checker ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn sì ń yí ìdí bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ pa sìgá. Àwọn àgbà ní èyí burú ju bọ̀lérò lọ. Èmi ò gbà. Nínú tuwísìtì, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Tọ́ọ̀ṣì lẹ lè tàn sí i látòkè délẹ̀, kò sóhun tẹ́ ẹ máa rí ju orúnkún lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí ló ń dun èèyàn wa, ohun tí òkùnkùn bò kò dun ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọmọ ilé ìwé tí òbí kò jẹ́ kí wọ́n jáde lálẹ́ ńkọ́? Wọ́n ti rí tiwọn ṣe. Ijó ọ̀sán wà fún wọn, ‘jump’ ni wọ́n ń pè é. Ẹlòmíì á kọrin nínú kọ́yà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, á jẹ ìrẹsì àti ẹran adìyẹ pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀, á ní òun ń lọ kàwé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, ó di jump! Àǹtí kan wà nínú ẹbí wa, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ bò ó láṣìírí, ó ti di ìyá àgbà báyìí, ó sì ń kó àwọn obìnrin ìjọ jọ fún ààwẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ ọjà ló ń kó bàtà gogoro rẹ̀ sí, á da ọ̀rá èlùbọ́ lé e lórí, á ní wọ́n rán òun lọ sílé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta. Ọlọ́run mú un nígbà tí ìyá rẹ̀ rí bàtà náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bàtà dúdú tó ń dán, tí èlùbọ́ há sí ojú rírán rẹ̀ yíká. Ìyá náà gbé e sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi í pé, “Àmàlà lo tẹ̀ ni?” Títí dòní, bí wọ́n bá ń gbé àmàlà kalẹ̀ nílé wa, àwọn àbúrò rẹ̀ á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nísinsìnyí, Fela. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Fela tí ẹ mọ̀, tó wọ pátá tó ń mu igbó lórí ìtàgé, kì í ṣe òun ni mò ń sọ. Ọmọkùnrin tó so táì ní Kakadu ni mò ń sọ, ọmọ Ransome-Kútì. Bàbá bàbá rẹ̀, alùfáà ni, àwọn orin ẹ̀mí tó kọ wà títí dòní. Bàbá rẹ̀, alùfáà ni, ọ̀gá àgbà ilé ìwé Grammar School Abẹ́òkúta. Wọ́n rán an lọ sí London ní 1958 pé kó lọ kọ́ ìṣègùn bíi tàwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò rẹ̀, ó dé ọ̀hún tán, ó gba ilé ẹ̀kọ́ orin lọ. Ó padà délé, wọ́n gbà á síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, kò tètè déṣẹ́ rí, iṣẹ́ bọ́. Báwo ló ṣe máa tètè dé, nígbà tó jẹ́ pé ìdájí lòun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Koola Lobitos ń kúrò lójú agbo? Jáàsì ló ń dà pọ̀ mọ́ háíláìfù, ó ti le jù fún àwọn oníjó. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, fèrè ti lọ sí òsì. Àwọn mìíràn kàn ń jókòó wo ẹnu rẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, obìnrin tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ títí Aláké fi kúrò láàfin ní 1949. Ó lé ọba kúrò láàfin, kò lé ọmọ rẹ̀ kúrò ní Kakadu! Mo ti rò pé màá gbọ́ pé ó wọ́ ọ létí lójú agbo. Rárá. Ìmọ̀ràn ló gbà á: kó yé ṣe jáàsì, kó máa ṣe orin tó máa yé àwọn èèyàn rẹ̀. Ìyàwó alùfáà ń tọ́jú ọjà ilé ijó! Mo gbọ́ ìyẹn, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu.

Kò sì tíì gba ìmọ̀ràn náà tán tí Geraldo Pino fi dé. Ọmọ Sàró ni, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Heartbeats. Wọ́n wọ Èkó ní 1966, Èkó sì dàrú. Orin James Brown ni wọ́n gbé wá. Kò sí kóòtù onítáì mọ́, kò sí pé à ń dúró wọ́ọ́rọ́wọ́. Pino á ké bí ẹni tí wọ́n gbé omi gbígbóná dà sí lára, á wó lulẹ̀ lórí eékún, á tún dìde, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun tó kó wá á máa gbé ariwo náà dé òpópónà. Ó ń wa ọkọ̀ Pontiac kan tó ṣeé ká òrùlé rẹ̀, ó ń gbà á kọjá láàárín ìlú kí gbogbo ayé lè rí ẹni tó jókòó tì í. Àwọn sísí tó ti ń jó fún àwọn akọ̀wé láti 1960 fi akọ̀wé sílẹ̀. Àwọn akọ̀wé fi háíláìfù sílẹ̀. Fela fúnra rẹ̀ sọ ọ́ níkẹyìn pé ọkùnrin náà kó gbogbo Nàìjíríà sápò. Fela forí lé Accra fún ìgbà díẹ̀, ó sì bọ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun fún orin rẹ̀, Afrobeat, ó sọ Kakadu di Afro-Spot. Ohun tó wá ṣe níbẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, ìwé mìíràn ni, kí n má bẹ̀rẹ̀ tí a ò ní lè sùn.

Wọ́n rò pé Pino ni òpin ìwàkiwà. Ẹ̀yin ò tíì rí Ṣẹ́gun Bucknor. Ọmọ King's College, ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti ṣe ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba, ó sì ti kàwé dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá náà máa fi parí, ó ti fá orí, ó ti so owó ẹyọ mọ́ra, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta sì ń jó lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sweet Things. Mo bi ẹnì kan tó rí wọn pé kí ni wọ́n wọ̀. Ó dákẹ́. Mo tún bi í. Ó ní, “Ìyẹn ò pẹ́ kà.”

Ohun kan wà tí mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú gbogbo èyí. Ta ni ń fun fèrè ní Èkó kí Pino tó dé? E.C. Arinze, tó jẹ́ pé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣeré ní Kakadu nígbà kan. Zeal Onyia. Rex Lawson, bó bá ti Port Harcourt wá. Ìdajì ẹgbẹ́ tí ẹ ń jó sí, ọmọ ìlà-oòrùn ni wọ́n. Ìpànìyàn 1966 wáyé ní òkè ọya, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, wọ́n sì palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Ẹgbẹ́ Roy Chicago fọ́. Àga àwọn afunfèrè ṣófo. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn oníjó ìgbà náà, àwọn tí kò sẹ́ mi, pé kí ni wọ́n ṣe lálẹ́ tí wọ́n dé ibẹ̀ tí wọn ò bá ẹni tó ti ń fun fèrè fún wọn látẹ̀yìn wá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ mìíràn ló ṣeré. Wọ́n jó sí i. Wọ́n dá mi lóhùn kíá, bí ẹni tí wọ́n bi pé irú ọtí wo ló mu. Ẹ má wá pariwo yẹ̀rì kúkúrú fún mi! Gbogbo ìwé ìròyìn ló ń kọ ọ́ nígbà náà pé míní máa ba ọmọbìnrin jẹ́, kó dà bí ẹni pé orúnkún ló dá ogun sílẹ̀. Lẹ́yìn àwọn afunfèrè yìí, Ebenezer Obey àti àwọn oníjùjú yòókù ló gba ìgboro, òde ìnáwó sì di ibi tí wọ́n ti ń na owó mọ́ olórin níwájú orí dípò kí wọ́n san án lẹ́nu géètì. Ó ń náni lówó ju Kakadu lọ, àmọ́ wọ́n ní èyí níyì nítorí ìyàwó wà níbẹ̀.

Ìyàwó! Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé wọn. Ibo ni ìyàwó ilé wà ní gbogbo òru wọ̀nyí? Wọ́n wà nílé, wọ́n ń gbọ́ pé ‘ìpàdé ẹgbẹ́’ ló pẹ́. Ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́! Ìyá kan sọ fún mi pé òun kò bi ọkọ òun léèrè rí. Òun á kàn jí ní ìdájí, òun á gbóòórùn kóòtù tó fi kọ́ sára ilẹ̀kùn, òun á sì mọ ilé ijó tó lọ. Ó ní oríṣiríṣi pọ́fíìmù ni, àwọn ará Caban Bamboo ń ra èyí tó dáa jù. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà lọ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí ọkọ lọ sí Kánò. Mo ní, “Ìyá!” Ó ní, “Kí ni? Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì mi.”

Èyí tó mú kí n jókòó kọ gbogbo èyí ni díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo mọ̀. Ọmọdébìnrin kan nínú kọ́yà fi ara mì díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọrin ìdúpẹ́, díákónì wa dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó pàṣẹ kí wọ́n dákẹ́, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ilé ijó. Ọmọ náà sunkún délé. Ó dáa. Díákónì, mo ní fọ́tò kan lọ́wọ́. Dúdú àti funfun ni, ó ti pọ́n létí, àmọ́ ojú kò yí padà, etí náà kò yí padà. Ṣòkòtò tó wà nídìí yín níbẹ̀, mi ò mọ bí ẹ ṣe wọ̀ ọ́, mi ò sì mọ bí ẹ ṣe bọ́ ọ. Sísí tó wà lọ́wọ́ òsì yín kì í ṣe Màmá, ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún náà kì í ṣe Màmá. Bẹ́ ẹ bá tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ náà kó tó di ọjọ́ Àìkú, fọ́tò á wà nínú báìbù mi níbi tó wà. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, Màmá ti ní òun máa bá mi jẹun lọ́jọ́ Ajé, ìyá náà sì fẹ́ràn láti máa wo fọ́tò àtijọ́.